Ọ̀gá Ọláwuyì Ní Kí N Kí Yín

"Ọ̀gá Ọláwuyì ní kí n kí yín o."

Àǹtí Fádùnní ló sọ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ti ń sọ ẹrù obì wọn kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìlá. Mo ń gúnyán lọ́wọ́, ọmọ odó sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gá Ọláwuyì wo? Èyí tó kọ́ ọkọ mi níṣẹ́ fíríìjì, tí a sin ní ìdúnta? Ojú mi ló ṣe o! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba ìrẹsì níbi ìsìnkú yẹn.

"Àǹtí, bóyá ẹ ṣì í mú ni."

"Ṣé ojú ló ń dùn mí ni? Ó wà ní Òkè-Ìlá, lẹ́yìn ọjà, ó ń tún fíríìjì ṣe. Ó béèrè Akin dáadáa."

Ìlọrin ni Àǹtí ń gbé, obì nìkan ló ń gbé wọn wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Wọn ò gbọ́ pé ọkùnrin náà ti kú. Mo wo ojú ọkọ mi, kí n tó lanu ó ti ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀. Akínwùmí ọkọ mi fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà. Ó ti ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó yege. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pé pérépéré. Lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló kù, èyí tí yóò sọ irú iṣẹ́ tó ṣe, ọdún tó fi ṣe é, àti wákàtí tó ń lò lọ́sẹ̀. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀.

Hadassah, ọmọbìnrin tó ń bá wa to ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀, ní tí ọ̀gá bá ti kú, kí a mú ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá. Ibo la ó ti rí i? Àwọn méjèèjì péré ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ má bínú," Hadassah ní, "láìsí lẹ́tà yẹn, ó tán nìyẹn. Jímọ̀ yìí ni wọ́n máa dẹ́kun gbígba ìwé. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí ọkọ yín á ti kọjá ohun tí àwọn òyìnbó ń fẹ́."

Látìgbà náà ni ọkọ mi ò ti lè jẹun dáadáa. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi.

Nígbà tí Àǹtí lọ tán, ó rọra ní, "A ó lọ sí Òkè-Ìlá."

"Sọ́dọ̀ òkú?"

"Sọ́dọ̀ ọ̀gá mi."

Kò sí ọmọ tí wọn ò pa ìtàn àkúdàáyà fún. Ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ń gbà lọ. Á máa ṣiṣẹ́, á máa jẹun, òmíràn tiẹ̀ ń fẹ́yàwó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá là á mọ́ ọn lójú, ó pòórá nìyẹn.

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́," ọkọ mi ní. "Títí yóò fi fọwọ́ sí i. Ẹnu rẹ, Àṣàkẹ́. Jọ̀ọ́, ẹnu rẹ."

Kí ló ṣe ẹnu mi? Lóòótọ́, èmi ni mo sọ fún ìyàwó pásítọ̀ lójú gbogbo ìjọ pé wíìgì wọn ti yí sẹ́yìn. Ṣé irọ́ ni mo pa? Ọkọ mi ìbá fi mí sílé, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè dá lọ.

Ọ̀sán gangan la gun ọ̀kadà débẹ̀. Iná ò sí ní Òkè-Ìlá lọ́jọ́ náà, a ò sì gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ kankan. Síbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà, fíríìjì tò sára ògiri, gbogbo wọn ń kùn. Mo wò ó dáadáa. Wọ́n ká wáyà oníkálukú wọn sórí rẹ̀.

"Bàbá Ọpẹ́, wáyà..."

"Pa ẹnu mọ́."

Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn fíríìsà. "Ta ló gbé sípánà mi?"

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn láyé rẹ̀, sípánà náà á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jáde sí wa, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn ń jó wa lẹ́yìn, ṣùgbọ́n èéfín funfun ń yọ lẹ́nu ọkùnrin náà, bíi ti fíríìsà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ẹ kú iṣẹ́, mo yáa gbé "kú" yẹn mì. "Ẹ ǹlẹ́ o, sà."

"Ìyá Ọpẹ́! Ṣé ara le?"

"Ara le, sà. Tiyín ńkọ́?" Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó ń tutù díẹ̀," ni Ọ̀gá wí.

Ó gba lẹ́tà, ó ń kà á. "Ogójì wákàtí lọ́sẹ̀? Irọ́! Akin, o máa ń pẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé. Kọ ọ́ ní méjìdínlógójì."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Irọ́ ò dáa. Èèyàn ò mọ ọjọ́ tí òun máa..." Ó kọjú sí mi. Gbogbo fíríìjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi dẹ́mudẹ́mu.

"Ẹ̀mí yín á gùn, sà!" ni mo sáré wí.

Ọ̀gá ṣe àmín. Fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn padà. Ọkọ mi tún wákàtí náà kọ, Ọ̀gá sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. "Ìlú Ire ni mo wà tẹ́lẹ̀. Ará Ìlá kan rí mi, ó figbe ta. Ẹ̀yin náà rèé. Akin kì í rojọ́, àmọ́ ẹlòmíì á tún wá. Ibo gan-an lèèyàn lè lọ, tí wọn ò ní mọ̀ ọ́n?"

Ọkọ mi ń wolẹ̀. Èmi ńkọ́? Wọ́n bi wá léèrè, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dáhùn.

"Kánádà ni, sà."

"Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ń pààyàn."

"Kò lè pa ẹ̀yin, sà."

Ọkọ mi gbá mi lápá mú, ó ń wọ́ mi jáde. A gbọ́ tí Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. "Òótọ́ lo sọ. Kò lè pa mí."

Bí a ti ń dé ìdí ọ̀kadà ni mo rántí ìborùn mi. Mo sáré padà. Ṣọ́ọ̀bù dà? Oko ẹ̀gẹ́ ni mo bá, ó ga dé èjìká mi. Ìborùn mi wà lórí ewé, ó tutù nini, ó sì le gbagidi.

Lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ Hadassah kí Jímọ̀ tó pé. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní wọ́n ti pe nọ́ńbà Ọ̀gá, ó sì jẹ́rìí dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń wúkọ́ jù. Mo kàn ṣe hẹ̀n-ẹ̀n. Inú pósí ni wọ́n gbé fóònù yẹn sí, ojú mi ló ṣe.

Ọkọ mi lọ. Èmi àti Ọpẹ́olúwa ń bọ̀ lẹ́yìn, ìwé wa ti jáde. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló fi fídíò pè wá láti ibi iṣẹ́. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ fíríìsà, ìwà ọ̀gá ibẹ̀ dáa, apá ọ̀dọ̀ wa náà ló ti wá.

"Ọ̀gá wo?"

Mo ń wo àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu gbogbo wọn ló ń yọ èéfín, funfun, dúdú, àgbà, èwe. Níbẹ̀ yẹn, ta ni yóò fura sí ẹnikẹ́ni?

Ìgbà náà ni ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ta ló gbé sípánà mi?"

Ọkọ mi mú fóònù súnmọ́ ẹnu. "Àṣàkẹ́, òun ló fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ mi níbí o. Tó bá pòórá, a ti gbé. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní tí o bá ń bọ̀, kí o bá òun mú orógbó dání, kí o sì fi ẹnu rẹ sílẹ̀ ní Ìlá."

Mo ti ra orógbó. Ti ẹnu yẹn ni mò ń gbààwẹ̀ sí.