Ẹni Tó Ń Kànkùn Láti Inú

Ìwọ tí o ní ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ, dúró díẹ̀ ná, kí o gbọ́ ìtàn Adéfọláhàn. Bí o bá rí ara rẹ nínú rẹ̀, má ṣe bínú sí mi. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ níwà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n Warri ló ti là. Ẹja inú yìnyín ló ń tà, irú èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti òkè òkun. Yàrá yìnyín tó ń kó o sí wà lẹ́yìn ọjà ńlá, ó sì tóbi ju ilé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń sùn lọ. Ilé tirẹ̀ wà ní Ogunu, ládùúgbò àwọn olówó. Lọ́jọ́ Ìsinmi, iwájú ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, agbádá rẹ̀ á sì gba àyè ẹni méjì. Ó mọ orin í kọ, ó mọ àdúrà í gbà lóhùn rara, ṣùgbọ́n kò mọ Ọlọ́run rárá.

Àwọn tó ń gbé ẹja fún un kò ní bàtà tó nípọn, wọn kò ní ìbọ̀wọ́. Ó ní aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá láti ilé ti tó. Bí òtútù bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á jáde síta láti yá oòrùn díẹ̀, èyí sì máa ń dùn ún bí ẹni pé wọ́n jà á lólè. Nígbà tí ìjọba wá dín ẹja òkè òkun kù, tí ọjà le, kò lè bá ìjọba jà. Àwọn òṣìṣẹ́ ló rí bá jà. Ó pe wẹ́dà kan, ó ní kó yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà nínú yàrá yìnyín náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá wọlé kò lè jáde àfi bí ẹni tó wà níta bá ṣí i fún un. Ó sì fi òfin tì í:

"Anybody wey knock from inside, make una no open. Na me go talk when door go open."

Àwọn kan nínú wọn ní àwọn fẹ́ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. "We be family for here," ló wí. "Family no dey do union."

Ẹbí! Irú ẹbí wo ló ń ti ọmọ mọ́ inú yìnyín?

Adébímpé wà lára wọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ugborikoko, lẹ́bàá Warri. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri nínú òtútù, ó sì kànkùn. Adéfọláhàn fúnra rẹ̀ ló jókòó síta, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ń gbọ́ kíkàn náà, ó ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó fi ní kí wọ́n ṣí i, ìka méjì ti kú lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, àwọn dókítà sì gé wọn. Ó lé e lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ẹni tí ìka rẹ̀ kò pé kò lè gbé páálí.

Olúṣínà, ọ̀rẹ́ Adéfọláhàn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní èbúté, gbọ́, ó sì wá bá a nílé.

"Ọ̀rẹ́ mi, bí o kò tilẹ̀ dáhùn kíkàn ọmọ yẹn, Ọlọ́run gbọ́ ọ. Ronú pìwà dà."

"Ìwọ tó ń jẹ owó oṣù ìjọba lo fẹ́ kọ́ mi lówò? Máa lọ, jàre. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn."

Ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹun lábẹ́ igi, inú sì ń sọ fún Adéfọláhàn pé wọ́n ti kó ẹja pamọ́ sí kọ̀rọ̀ inú yàrá yìnyín. Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó yọ́ wọlé kí wọ́n má baà rí i. Ilẹ̀kùn pa ara rẹ̀ dé. Ó na ọwọ́ sí i láti jáde, ihò tí wẹ́dà yọ irin kúrò ni ọwọ́ rẹ̀ bá.

Ó kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Ilẹ̀kùn náà nípọn, kì í jẹ́ kí ohùn kọjá. Kíkàn nìkan ló ń dé ìta. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kànkùn. Sharon, tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, ti jẹun padà dé, ó sì gbọ́. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ni, àánú sì ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òfin ń bà á. Ó lọ sí ọ́fíìsì láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Kò bá ọ̀gá níbẹ̀, ló bá padà wá jókòó.

Nínú lọ́hùn-ún, Adéfọláhàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣàìgbọràn sí i. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kíkàn tó gbọ́ nígbà tó ń jẹ ẹ̀pà wá ń dún padà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo àdúrà tó máa ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì fò lọ, ó kù ọ̀kan ṣoṣo: "Olúwa, èmi ni mo ṣe òfin yìí."

Adébímpé ló wá kí Sharon lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gbọ́ kíkàn, ó dúró.

"Oga say make we no open," Sharon wí.

Adébímpé súnmọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ tí ìka rẹ̀ kò pé yẹn di irin mú, ó sì fà á.

Ọ̀gá ṣubú síta. Kò sí ẹni tó sáré gbé e. Adébímpé wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "If to say I know say na you, I for no open." Kò pariwo. Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Olúṣínà dé ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ni Adéfọláhàn ń tún sọ.

"Ó ní ká ní òun mọ̀ pé èmi ni, òun ì bá má ṣí i. Òótọ́ ló sì sọ. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún irú mi?"

"Jésù ni," Olúṣínà wí. "Ọmọ yẹn kò mọ ẹni tó wà nínú. Jésù mọ̀. Ó mọ̀ pé ìwọ ni, ó mọ ohun tí o ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, síbẹ̀ ó kú kí ilẹ̀kùn lè ṣí fún ọ."

Adéfọláhàn sunkún bí ọmọdé. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi.

Kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti pe wẹ́dà padà láti fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sípò. Ó ra bàtà àti ìbọ̀wọ́ fún gbogbo wọn. Wọ́n darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ ẹbí mọ́. Ó lọ sí Ugborikoko, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Adébímpé, ọmọ tó lè bí. "I don hear," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò sọ pé òun dárí jì í. Ìyẹn kù sí i lọ́wọ́, nítorí ìka rẹ̀ kò ní hù mọ́.

Ìwọ ńkọ́? Má wo ẹ̀gbẹ́ rẹ, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ tí kì í sinmi, awakọ̀ rẹ tí àìsàn kò gbọdọ̀ ṣe, wọ́n ń kànkùn, o sì ń bó ẹ̀pà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò gbé ìwọ náà wọ yàrá tí kò ní ọwọ́ ilẹ̀kùn nínú. Owó rẹ kò ní lè ṣí i, orúkọ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò ní lè ṣí i. Jésù nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí o tì mọ́lé, kí o sì kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Kànkùn Jésù lónìí. Ó mọ̀ pé ìwọ ni, yóò sì ṣí i.