Ilá Aláìníyọ̀

Orí àga ni wọ́n ti bá Oyèkúnlé láàárọ̀, ó ti kú fin-ín fin-ín, abọ́ oúnjẹ alẹ́ àná ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí Inspẹ́kítọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé tó ti Ìlaròó dé Ayétòrò, àwọn ẹbí ti dájọ́ tán: májèlé ni, Toheebat ìyàwó rẹ̀ ló sì fún un jẹ. Àwọn ọlọ́pàá àdúgbò ti tì í mọ́lé kí àwọn ọ̀dọ́ má baà lù ú pa. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń ké lẹ́yìn aládùúgbò.

Ó ti rẹ Ọ̀jẹ̀túndé. Eruku tírélà sìmẹ́ǹtì Ìbèṣè tó bò ó lójú ọ̀nà kọ́ ló rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe "ìyàwó ló pa á" tó ti ń gbọ́ láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Oògùn ń mì lápò rẹ̀ bó ṣe ń rìn.

Àṣìkẹ́, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó ń ṣe ọṣẹ dúdú tà, ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹ bi Toheebat ohun tó fún àbúrò mi jẹ!"

"Ẹ̀yin náà kì í gbé oúnjẹ fún un, Màmá?"

"Èmi kẹ̀? Oúnjẹ mi ò kan ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbé ìyàwó."

Inspẹ́kítọ̀ lọ bá Toheebat ní àtìmọ́lé. Ojú obìnrin náà gbẹ táútáú.

"Dókítà ní ọkọ mi ò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, wọn ò gbọdọ̀ jẹ ọ̀rá," ló wí. "Mo ń gé ọ̀rá kúrò lára ẹran, mo sì ń se ilá láìfi iyọ̀ sí i. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá mi jà. Wọ́n ní mo fẹ́ fi ebi pa àwọn. Nígbà tó yá, wọn ò jà mọ́. Mo ní, Àlùhámúdùlílááì, wọ́n ti gba kámú."

"Abọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Tèmi kọ́ o, sà."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo abọ́ alumíníọ̀mù inú ilé ìdáná rẹ̀ ló ń dán gbinrin. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ òkú dúdú nínú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun, iná kò kàn án rí. Ọ̀jẹ̀túndé ta omi sí i, ó fìka ra á. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Ó pe Dókítà Edith, tó ń tọ́jú olóògbé, lórí fóònù.

"Mi ò rò pé májèlé ni," ni dókítà wí. "Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ga tẹ́lẹ̀ ti wálẹ̀, ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ̀ gbìyànjú gan-an. Àmọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lára rẹ̀ kẹ́yìn, potáṣíọ̀mù ti pọ̀ jù, kídìnrín rẹ̀ ò sì lágbára láti gbé e dànù. Irú ẹ̀ ló ń mú kí ọkàn dúró lójijì. A pè é títí, kò gbé fóònù."

"Dókítà, tó bá jẹ́ pé eérú ló ń jẹ ńkọ́?"

"Potáṣíọ̀mù ló kún inú eérú. Ta ló wá ń jẹ eérú?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọ̀jẹ̀túndé jókòó sí àgbàlá Àṣìkẹ́. Omi eérú èèpo kòkó tó fi ń ṣe ọṣẹ ń kán tó-tó-tó láti inú ìkòkò oníhò bọ́ sínú ike.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Màmá. Kí ló dé tó jẹ́ ike nìkan lẹ ń lò? Ẹ ò ní alumíníọ̀mù ni?"

"Háà, omi eérú á jẹ ẹ́. Gbogbo inú ẹ̀ á dú—"

Inspẹ́kítọ̀ ti fa abọ́ dúdú náà yọ nínú náílọ́ọ̀nù.

"Ẹni tó bá fẹ́ pa ọkọ rẹ̀ kì í gé ọ̀rá kúrò lára ẹran rẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ ọkọ Toheebat ti gbèjà rẹ̀. Oyèkúnlé dẹ́kun ìjà nítorí pé ó ti rí ilá mìíràn jẹ. Inú abọ́ yìí lẹ sì ń gbé e wá."

Àṣìkẹ́ jókòó sórí ilẹ̀.

"Eérú kì í ṣe iyọ̀," ló wí. "Omi eérú ni màmá wa fi ń se ilá fún wa nígbà tí ò sí owó iyọ̀. Àbúrò mi ń bẹ̀ mí bí ọmọdé, ó ní ẹnu òun ò mọ adùn mọ́. Kí n máa wò ó?"

"Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ pa á. Ìgbà wo lẹ wá fura?"

"Nígbà tí wọ́n pariwo májèlé. Mo sáré wálé, mo da ilá tó kù nù."

"Ẹ sì nàka sí ìyàwó rẹ̀. Wọn ì bá lù ú pa, Màmá!"

"Ta ni kí n ní ó pa á?" Ohùn rẹ̀ já. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà?"

Inú bí Ọ̀jẹ̀túndé, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Òun náà kò ì tíì jẹ iyọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó fa obìnrin náà dìde, ó ní kó mú ìborùn, kí àwọn máa lọ.

Ní tésàn, wọ́n ń tú Toheebat sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú Àṣìkẹ́ wọlé. Àgbàlagbà náà kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe. Toheebat kò gbé e dìde. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ilá yẹn, ṣé ó dùn mọ́ wọn?"

"Ó dùn mọ́ ọn," ni Àṣìkẹ́ wí. "Ó máa ń lá ìka."

Toheebat gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò sáyà, ó wá bú sí ẹkún tí kò sun láti àárọ̀.