Ìgò Tí Ìlérí Mì

"Tún ibẹ̀ kà fún mi," ni Bàbá Pettifer wí. Ó na etí bí ẹni ń retí ìròyìn láti ilé.

Ìlérí tún un kà. Ìwé ìròyìn Faransé àtijọ́ ni, ọ̀rọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pé kí wọ́n máa tọ́ wáìnì wò, kí wọ́n sì sọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ọ̀kan ní wáìnì pupa Bordeaux ọdún 1982 ń ta sánsán bí igi kédárì. Òmíràn ní dídùn rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò ní pẹ́ kú, ìyẹn ni pé adùn rẹ̀ yóò tán.

"Lomax ọ̀rẹ́ mi ló kọ ìyẹn," ni bàbá wí. "Èmi kọ ọ́ pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni yóò máa dùn sí i. Láti ìgbà náà la ti ń jà sí i."

Akọ̀wé nípa wáìnì ni bàbá yìí kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Mọ́mì Ìlérí ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé rẹ̀ lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham. Bí Ìlérí bá ti ilé ìwé dé, ó máa ń kàwé fún un, bàbá a sì máa kọ́ ọ ní Faransé fún ìdánwò. Ìgò kan ṣoṣo ló kù nínú wáìnì ọdún náà. Lọ́jọ́ Sátidé, Lomax yóò ti Scotland wá, wọn yóò ṣí i, ìjà yóò sì parí.

Nígbà tí Sátidé dé, wọ́n ní kí Ìlérí lọ gbé ìgò náà wá. Ó gbé e sókè síná, ó rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sùn sí ìhà kan. Ọmọ tí wọ́n fi ògì àti àgbo tọ́ ni. Nílé wọn, ẹni tó bu àgbo láìmì í, omi lásán ló mu, oògùn ń bẹ nísàlẹ̀. Ìlérí bá mi ìgò náà, ó mì í dáadáa, kí bàbá lè jẹ àǹfààní rẹ̀ tán.

Lomax bu díẹ̀ sẹ́nu, ó fajú ro. "Ó rú bí àgbàrá. Ó korò. Charles, wáìnì rẹ ti kú."

Bàbá tọ́ tirẹ̀ wò. "Kò lè rí báyìí. Ìlérí, ṣé ẹnikẹ́ni mi ìgò yìí?"

Ìlérí wo Mọ́mì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwo kan ṣoṣo tó fọ́ nílé arúgbó ni ẹ́jẹ́ńsì tó gba àwọn olùtọ́jú síṣẹ́ fi lé Àǹtí Fọlá, ẹlẹgbẹ́ Mọ́mì, kúrò níṣẹ́.

"Rárá, sà," ló wí.

Lomax rẹ́rìn-ín. "Ṣé o wá gbà báyìí pé ahọ́n rẹ tàn ọ́?"

"Mo gbà," ni bàbá wí. Wọ́n da ìyókù sínú sínkì.

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò fẹ́ kí wọ́n kàwé fún òun mọ́. "Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́? Bóyá irọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ láyé."

Oúnjẹ kò lọ lọ́fun Ìlérí mọ́. Mọ́mì pè é jókòó. "Kí ló ń dà ọ́ láàmú? Ṣé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni?"

"Mọ́mì, èmi ni mo mì í. Mo rò pé bí àgbo ni."

Ẹ̀rín fẹ́ sọ lẹ́nu Mọ́mì, kò jáde. "O fẹ́ gba iṣẹ́ mi là, o wá ba bàbá oníbàbá lọ́kàn jẹ́. Dìde. Wọ bàtà ẹ."

Wọ́n lọ bá bàbá, ó sì gbọ́ ọ tán. "Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni, à bá jẹ́ kó tòrò, à bá tún un tọ́ wò. Kò sí òmíràn mọ́." Ó ní kó pe Lomax lórí fóònù. Ìlérí jẹ́wọ́ pẹ̀lú omijé.

"Charles," ni Lomax wí, "èló lo fún ọmọ yìí kó lè sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí níwájú mi ló ti ní ẹnikẹ́ni ò mì í." Ó pa fóònù.

Bàbá kò fẹjọ́ Mọ́mì sun ẹ́jẹ́ńsì. Ó kàn kọjú sí ògiri.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó bá a, irọ́ lè ti ba ohun tí òtítọ́ kò ní lè tún ṣe mọ́ jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo ènìyàn ló ń ṣàṣìṣe. Ẹni tó bá ṣe é, kó tètè jẹ́wọ́, nígbà tí wọ́n ṣì lè gbà á gbọ́.