Ó Béèrè Láì Kí Màmá

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ṣọ́ọ̀bù ni, Màmá aránṣọ sì ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń tẹ pẹpẹ irin tó wà nísàlẹ̀, ọwọ́ ń ti aṣọ síwájú, ẹnu sì ń ròyìn ọmọ. Ẹni tó bá yà wá fún bọ́tìnnì kan ṣoṣo kò ní kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ pé ọmọbìnrin Màmá wà lẹ́yìn odi lọ́dọ̀ ikọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀, àti pé ṣe ló yọ̀ǹda ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fipá mú un.

"Ṣé ó ń gbé ìbọn ni?" ni oníbàárà àárọ̀ ọjọ́ náà bi í.

"Ìbọn kẹ̀? Wáyà ló ń gbé. Nọ́ọ̀sì wà ní abúlé, dókítà wà ní bárékè, awakọ̀ wà lójú ọ̀nà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ọmọ mi ń tọ́jú ni gbogbo wọn fi ń gbọ́ ara wọn. Tí àwọn èèyàn ò bá gbọ́ ara wọn, ṣé àlàáfíà á wà?"

Wáyà náà làwọn ará ilé ń pe ọmọ ọ̀hún. Nígbà tó wà ní kékeré, ó tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀, ó tò ó padà, wáyà kan sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Rédíò náà wá ń sọ̀rọ̀ ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, bóyá kóun nà án ni àbí kóun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà tó ní òun fẹ́ lọ sìn ní ilẹ̀ tí ogun ti ń rọlẹ̀ yẹn, Màmá sunkún, ó rán aṣọ fún un, ó tún sunkún sórí aṣọ náà. Kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó ọmọ yìí.

Àwa tí a ní kíkí fún ìjókòó, tí a ní fún ìdúró, tí òjò kì í rọ̀ kí a má kí ara wa kú òjò, ìyá àti ọmọ yìí tún dá tiwọn sílẹ̀. Láti kékeré ni Wáyà ti ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ ìyá òun ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bó bá ti ilé ìwé dé, á ní, "Ẹ kú ẹsẹ̀ o, Màmá." Ìyá á wo ọwọ́ tí kì í yé tú nǹkan, á ní, "Ìwọ náà kú ọwọ́." Títí tó fi lọ sẹ́yìn odi, kò pe ìyá rẹ̀ rí, kò sì kọ̀wé sí i rí, kó má fi kíkí yìí bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Wáyà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó ń ka ìwé ìròyìn. Bọ́ọ̀sì ló wà kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ sì ń pè é ní Búréèkì, torí wọ́n ní bó bá rí òjìji adìyẹ lójú títì, á dúró kó kọjá. Fóònù Màmá dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ láti orí nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni, àwòrán Wáyà ló sì wà lára rẹ̀, èyí gan-an tí Màmá fúnra rẹ̀ ti gbé sójú fóònù fún gbogbo ayé wò.

Ó kà á síta. "Màmá, èmi ni. Fóònù mi ti bàjẹ́, nọ́ńbà tuntun mi nìyí. Mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ tètè kọ ọ́ sí mi, iṣẹ́ ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Bàbá ká ìwé ìròyìn rẹ̀. "Kò kí ẹ?"

"Ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, ṣé kíkí ló kàn?"

"Ọmọ tí mo mọ̀, bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ kí ẹ kó tó ní kí o jáde. Tẹ búréèkì ná, Ìyá Wáyà. Pe nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́."

"Ó ní fóònù ti bàjẹ́, ẹ ní kí n pe èyí tó bàjẹ́. Bàbá Wáyà, ẹ gbọ́ ara yín."

Nọ́ńbà mẹ́fà náà ti wọlé lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kan sì wà lábẹ́ rẹ̀: Má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà yìí. Màmá kà á dáadáa, ó tún un kà. Ó ní, "Ọmọ mi kì í ṣe ẹnikẹ́ni." Ó bá kọ ọ́ ránṣẹ́.

Kò pẹ́ rárá tí ojú ìwé tó fi ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù náà fi tì pa. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, tí ọmọ òun bá pè, á sọ ohun tóun máa ṣe fóun. Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Wáyà kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ó wà nínú kọ̀ǹténà tí wọ́n sọ di yàrá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń di àwọn wáyà pọ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, fóònù rẹ̀ tí ẹnì kan ní ó ti bàjẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìní àléébù. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkìlọ̀ kan wà tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́bẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: Má ṣí fáìlì tí o kò retí. Kọ́kọ́ pe ẹni tó fi ránṣẹ́.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti orí nọ́ńbà ìyá rẹ̀. "Wo aṣọ tuntun tí mo rán fún ọ. Ṣí i kí o rí i." Fáìlì kan so mọ́ ọn.

Àárò ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè pé ìgbà wo ni ìyá òun ń bá òun sọ̀rọ̀ láìkí òun kú ọwọ́. Ojú fóònù kéré, ó sì fẹ́ rí bí ìyá rẹ̀ ṣe rán ọrùn aṣọ náà, ó bá gbé fáìlì ọ̀hún sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀. Ó ṣí i. Aṣọ kankan kò jáde. Kọ̀ǹpútà náà ṣẹ́jú, ó dúdú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sì dúdú tẹ̀ lé e.

Ó mọ ohun tó dé. Kòkòrò kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí í ti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò rí i, ó sì lè dákẹ́ kó ní òun kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní tààràtà.

"Ọ̀gá, èmi ni. Fáìlì kan ni mo ṣí. Ẹ jẹ́ ká pa gbogbo rẹ̀ kó tó dé ibi tó kù."

Wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà pátápátá kí wọ́n lè gba ìyókù là. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe di odi nìyẹn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, rédíò inú ọkọ̀ pàápàá kò gbọ́ nǹkan kan, torí orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni ohùn rẹ̀ ń gbà.

Ọkọ̀ kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé oògùn lọ sí abúlé ló wà nínú rẹ̀, àgbàlagbà awakọ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ náà, ló sì ń wà á. Bàbá yìí fẹ́ràn Wáyà. Bí Wáyà bá ti ń gun òpó gíga lọ láti tún nǹkan ṣe, bàbá náà á dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú omi tútù, kò ní kúrò títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹnì kan mú ìròyìn wá sí bárékè pé omi ti ba afárá tó wà níwájú wọn jẹ́. Kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ fún un. Ó gun afárá náà, pákó yẹ̀, imú ọkọ̀ sì rì. Ohunkóhun kò ṣe àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ awakọ̀ há sábẹ́ ìdarí ọkọ̀, ó sì ṣẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́. "Màmá, aṣọ tí ẹ ní ká wò kò ṣí o, fóònù mi sì ti ń ṣe bíi wèrè."

"Aṣọ wo?"

Kí ó tó dáhùn, fóònù Bàbá dún. Nọ́ńbà Wáyà àtijọ́ ni. Bàbá gbé e sí Màmá létí.

"Ẹ kú ẹsẹ̀ o, Màmá." Ohùn ọmọ náà ni.

Màmá gbá fóònù náà mú. "Fóònù rẹ kò bàjẹ́?"

"Ta ló ní ó bàjẹ́?"

Ẹsẹ̀ Màmá kúrò lórí pẹpẹ ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bú sẹ́kún níwájú oníbàárà rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Wáyà fi padà sílé. Ọ̀gá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ní bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó máa bàjẹ́ ì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó kọ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ ní òfin yìí ló rú u, èèyàn sì fara pa, nítorí náà sáà rẹ̀ parí síbẹ̀. Wáyà kó ẹrù rẹ̀. Bàbá lọ gbé e ní ibùdókọ̀, ó rọra wa ọkọ̀ délé bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ilé ni Màmá ti kúnlẹ̀ dè é. Wáyà sáré gbé e dìde.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ má fi èyí ṣe mí."

"Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ fún àwọn gbájúẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Àwa méjèèjì la ka ọ̀rọ̀ ẹni tí kò kí wa, tí a sì bá a wá àwáwí."

Bàbá húkọ́. "Mo ní kó tẹ búréèkì."

"Ẹ sọ ọ́ lóòótọ́," Màmá dáhùn. "Ẹ má jẹ́ kó di orin."

Wáyà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé. Ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ó jókòó tì í. "Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ojú ìwé yín. Ẹni tí ẹ bá kọ ọ́ fún, ó ti di ẹ̀yin lójú gbogbo ẹni tó mọ̀ yín."

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni."

Omi lé sójú Wáyà. "Nínú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí, ẹnikẹ́ni ni mí, Màmá. Ẹnikẹ́ni ni Bàbá náà. Tí mo bá nílò nǹkan, màá pè kí ẹ gbọ́ ohùn mi. Tí wọ́n bá ní nọ́ńbà mi ti yí padà, ẹ pe ti àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Ohùn pàápàá, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe é báyìí, ẹ bi mí ní ohun tí àwa nìkan mọ̀."

"Tó bá ti wá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ńkọ́?" Bàbá béèrè.

"Kó má tijú. Kó tètè fi fóònù ẹlòmíràn kéde fún gbogbo èèyàn pé kì í ṣe òun, kí wọ́n má ṣí nǹkan kan. Kó gba ojú ìwé náà padà, kó wá fi ọ̀rọ̀ aṣínà kejì tì í, èyí tí òun nìkan mọ̀." Ó kọ́ ìyá rẹ̀ títí tó fi lè dá a ṣe.

Nígbà tí wọ́n parí, Màmá ní òun fẹ́ bá awakọ̀ náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́. Wáyà pe bàbá náà ní ibùsùn ilé ìwòsàn, ó sì gbé ohùn fóònù náà síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ kú ẹsẹ̀ o, sà," ni Màmá wí. Kò sí ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ rí nínú ilé náà tó wúwo tó báyìí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí."

Wáyà túmọ̀ rẹ̀. Bàbá náà sọ̀rọ̀ gígùn kan.

"Kí ló ní?"

"Ó ní ẹsẹ̀ náà ṣì ń dun òun, òun kò ní purọ́ fún yín. Ó ní wọn kò tíì mọ̀ bóyá òun á tún lè wakọ̀. Ó wá ní òun gbọ́ pé aránṣọ ni yín, pé ṣòkòtò kankan kò gba ẹsẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì dì yìí."

Màmá ti fa téèpù jáde lọ́rùn rẹ̀ kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó rán ṣòkòtò kan tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fẹ̀ bí àpò, tó ní bọ́tìnnì láti òkè délẹ̀. Ó ya á ní àwòrán, ó sì fi ránṣẹ́ sí bàbá náà láti orí fóònù òun fúnra rẹ̀, kó lè sọ bó bá wù ú.

Fóònù Wáyà dún. Awakọ̀ náà ni. Kò tíì ṣí àwòrán ọ̀hún. Ó kọ́kọ́ kí i, ó sì bi í pé, "Ṣé ìyá rẹ ló fi èyí ránṣẹ́ sí mi lóòótọ́?"

Ẹ̀yin ará, ẹ̀tàn ayé òde òní kì í gba ojú fèrèsé wọlé mọ́. Ìfẹ́ tí a ní sí ọmọ, sí òbí, sí ọ̀rẹ́, òun ló fi ń ṣe àtẹ̀gùn. Nọ́ńbà tó bá wọ fóònù rẹ, má kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ tí o bí wà nínú ẹnikẹ́ni yẹn. Bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, pariwo síta kó má baà kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lójú ọ̀nà ibòmíràn. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá sì ń kánjú láì kí ọ, pe ẹni tí wọ́n ní ó fi í ránṣẹ́ ná. Ẹni tó bá jẹ́ tìrẹ lóòótọ́ kò ní bínú pé o pe òun.