Aṣọ Tí Mo Lọ Láàárọ̀ Ọyẹ́

Bàbá mi húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó rí ohùn dáhùn sálámà tí Israfil, ẹ̀gbọ́n mi, kí wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Òun àti awakọ̀ kan jọ gbé ẹrù ńlá kan sọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá òròmọdìẹ nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

"Bàbá, ẹ̀rọ tí mo wí rèé. Ti èyí kì í ṣe kó mú ilé tutù nìkan, ó máa ń gbé ooru wọlé láti ìta."

"Ooru wo ló wà níta nínú ọyẹ́ yìí?"

"Ó wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó tutù náà ní ooru díẹ̀ nínú. Ẹ̀rọ yìí á fà á, á kó o jọ, á sì tú u sínú yàrá. Kò ní jẹ iná tó sítóòfù oníná."

Iṣẹ́ Bàbá ni kí wọ́n tọ́ òròmọdìẹ ọjọ́ kan títí wọ́n á fi lágbára, kí wọ́n tó tà wọ́n fún àwọn olóko adìẹ. Èédú inú ìkòkò la fi ń mú yàrá náà móoru láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Èéfín rẹ̀ ló ba àyà Bàbá jẹ́. Dókítà ní kí wọ́n jìnnà sí i, àmọ́ bí òtútù bá mú òròmọdìẹ, wọ́n á máa gun ara wọn lórí títí wọ́n á fi tẹ ara wọn pa. Ta ló wá fẹ́ jìnnà sí iná?

"Èló lo rà á?"

"Gbogbo ohun tí mo tọ́jú fún ọdún méjì ni. Tókùnbọ̀ ni."

"Iná àdúgbò yìí ńkọ́? O mọ̀ pé kò lágbára."

"Mo ra sítábíláísà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kí ẹ dáná èédú nígbà yẹn nìkan. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bó bá ti ń ṣiṣẹ́, kẹ́nikẹ́ni má lo áyọ́ọ̀nù oníná. Iná á wálẹ̀, sítábíláísà á gé e, kò sì ní tàn padà àfi tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́." Èmi ló dojú kọ nígbà tó sọ ìyẹn. "Zulaikha, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bùọ̀dá mi."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi jẹ̀gbádùn. Igba òròmọdìẹ tẹ́ ara wọn káàkiri ilẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló nilé, ìyẹn sì ni àmì pé ooru tó wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí sùn dáadáa.

Ìṣòro tèmi ni áyọ́ọ̀nù eléèédú. Eérú rẹ̀ máa ń ta sí híjáàbù funfun mi. Praise, ọ̀rẹ́ mi, ti bi mí rí níwájú gbogbo kíláàsì bóyá inú ààrò ni mo ń sùn. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò wa fún ìdánwò àṣejáde, ọyẹ́ mú gan-an. Bàbá àti Ìyá mi ti lọ ra oúnjẹ adìẹ ní Ọjà Akẹ̀sán. Mo fa áyọ́ọ̀nù oníná jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, mo wí fún ara mi. Híjáàbù náà ń dán gbinrin nígbà tí mo gbọ́ tí sítábíláísà dún "ká!" tí ẹ̀rọ sì dákẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbọ́ ọ. Mo mọ ohun tó yẹ kí n tẹ̀. Àmọ́ ọlọ́kadà ti ń fọn fèrè níta, mo sì ti pẹ́. Mo ní bóyá á tàn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń ka òkú òròmọdìẹ sínú abọ́ ńlá. Ọgọ́fà ló kú.

"Ẹ̀rọ Israfil ló dákẹ́ sẹ́nu iṣẹ́," ni Bàbá wí. Wọ́n pè é lórí fóònù pé kó wá gbé òkú ẹrù rẹ̀.

Israfil dé lọ́jọ́ kejì. Ó yẹ sítábíláísà wò, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ sì tàn. "Ta ló lo áyọ́ọ̀nù níbí?"

Gbogbo wọn wò mí.

"Èmi kọ́ o."

"Ṣé o fẹ́ di tìrẹ ru àbúrò rẹ ni?" Bàbá jágbe mọ́ ọn. "Gbé e kúrò!"

Ẹ̀gbọ́n mi tú ẹ̀rọ náà lára ògiri, ó gbé e lọ. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo rò pé irọ́ mi ti parí ọ̀rọ̀.

Èédú padà sínú yàrá. Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá ń kírun ìrọ̀lẹ́, ikọ́ mú wọn ní ìforíkanlẹ̀, wọn ò lè dìde. Èmi àti Ìyá mi la gbé wọn jókòó. Ojú wọn ti pọ́n, omi ń dà níbẹ̀. Mi ò lè wò wọ́n mọ́.

"Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo lo áyọ́ọ̀nù."

Wọn ò nà mí, ì bá sì tù mí lára ká ní wọ́n nà mí. Wọ́n pe Israfil, wọ́n na fóònù sí mi. "Sọ fún un bí o ṣe sọ fún mi."

"Mo ti mọ̀ látọjọ́ náà," ni Israfil wí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́?"

"Ẹ dákun, ẹ gbé e padà wá."

"Mo ti tà á ní ìdajì owó fún ọlọ́sìn adìẹ kan ní Ìkòyí-Ilé. Ó ti kàn án mọ́ ògiri ilé adìẹ rẹ̀."

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí wọ́n tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ọmọ wọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, nígbà tí òtítọ́ ṣì lè ṣe ẹnìkan láǹfààní. Èmi náà sọ òtítọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, ooru tó yẹ kó wà nínú ilé wa ti wà nínú ilé ẹlòmíràn.