Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lẹ́yìn Ọkọ̀

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mi ò bu iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ẹnu obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ọ, obìnrin náà kì í sì í ṣe aláròká.

Opó ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló jọ ń fi ẹ̀rọ ńlá olórí púpọ̀ kan kó iṣẹ́ sára aṣọ fún àwọn aránṣọ. Ariwo ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Ọkọ a jókòó níwájú, ìyàwó a wà lẹ́yìn, níbi tí àwọn rílì òwú wà. Tí ọkọ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, òwú ló máa fà. Tó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, òwú fẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo ti parí, máa bọ̀ wá wò ó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí wọ́n fi darúgbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá ń fi òwú pupa kó òdòdó sára aṣọ funfun kan fún ìyàwó rẹ̀. Ó kó o dé ìdajì. Ló bá gbé orí lé ẹ̀rọ. Kò gbé e sókè mọ́.

Ilé dá. Ọmọbìnrin wọn, tó ń gbé ní ìlú tó jìnnà, ń pe ìyá rẹ̀ ṣáá lórí fóònù.

"Màmá, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Tí mo bá lọ, ta ni bàbá yín máa rí bá sọ̀rọ̀?"

Ohun kan ṣoṣo tó ń ká ìyá náà lára nìyẹn: kó má lọ fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan.

Nígbà tó yá, ó gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹ̀rọ náà. Ó yọ gbogbo abẹ́rẹ́ sínú agolo, ó so àwọn orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà mì. Aṣọ funfun yẹn ló fi sílẹ̀ lábẹ́ wọn, kí irin má lu irin. Òwú pupa tó wà lára rẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ náà ló tó gé e. Wọ́n gbé ẹ̀rọ nàró sórí mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi okùn dè é mọ́ ara ọkọ̀ yíká, wọ́n da tapólì bò ó. Awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rọra ló gbé e, torí pé kòtò kékeré lásán, á bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà á kọjá.

Wọ́n ti rìn jìnnà, ọ̀nà sì ti dá, nígbà tí Bàbá Rọra yí ojú sí ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò pa ẹ̀rọ yín ni?"

"Iná wo ló wà lẹ́yìn ọkọ̀?"

"Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ ná."

Ó gbọ́ ọ. Tàkà-tàkà-tàkà. Kò yára, kò falẹ̀.

Wọ́n dúró. Ìró náà dúró. Wọ́n lọ wẹ̀yìn. Okùn le dáadáa, tapólì ò kúrò láyè rẹ̀.

"Bóyá irin ló ń lu irin," ni awakọ̀ wí.

"Mo ti so gbogbo ẹ̀."

"Mo mọ̀, Màmá. Ó kàn yẹ kí n sọ nǹkan kan ni."

Wọ́n gbéra. Ìró náà gbéra. Ó ti pẹ́ tí ìyá ti gbọ́ ìró yẹn kẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ó tún sùn, irú oorun tí kò sùn láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ọmọ rẹ̀ ti ń dúró níta. Wọ́n ká tapólì.

Òdòdó náà ti pé. Òmíràn tún ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òmíràn, títí dé etí aṣọ. Òwú pupa jáde láti ara aṣọ náà, ó gba àlàfo ilẹ̀kùn ọkọ̀ kọjá, ó bọ́ sí títì, ó gba ọ̀nà tí wọ́n bá wá lọ. Bàbá Rọra tọ̀ ọ́ dé kọ́nà. Ó padà.

"Kò tán," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká tètè já ẹrù yìí."

Ìyá ṣí agolo abẹ́rẹ́. Gbogbo wọn pé síbẹ̀. Wọ́n gbóná.

Ọmọ rẹ̀ na sísọ́ọ̀sì sí i. "Màmá, ẹ gé e. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó di òwú náà mú. Ó le. Ẹnì kan fà á, jẹ́jẹ́. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá wo àwọn páálí òwú tí wọ́n ti já sílẹ̀. "Gbogbo òwú ilé ni mo kó wá," ló wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Mi ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún un."

Ó gé òwú náà. Ọmọ mí kanlẹ̀. Àmọ́ ìyá ò fi ẹnu òwú sílẹ̀. Ó so rílì tuntun mọ́ ọn, ó gbé e sílẹ̀. Rílì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ó ṣì ń yí. Ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ ni òwú ń gbà jáde báyìí. Tó bá fẹ́ tán, á so òmíràn mọ́ ọn. Mo bi í pé, tí ọkọ rẹ̀ bá wá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ńkọ́?

Ó ní bàtà òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà.