Ẹni Tó Sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀

Òótọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ fún ọmọ Yorùbá, iwin tàbí ẹkùn ni yóò fi purọ́. Kò ní lọ fi ọkọ̀ oníná purọ́. Ọkọ̀ náà wà. Ọ̀rẹ̀ wà. Ọ̀nà oko Aráròmí-Obu náà wà, bí a bá lè pe ìyẹn ní ọ̀nà.

Pamílẹ́rìn ni orúkọ ọkùnrin tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣuntóyìn, ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Ìyá náà ti kú ní Èkó, ó ti di ọjọ́ mọ́kànlélógún. Láti ìgbà náà, Pamílẹ́rìn kò sunkún. Kò sì rẹ́rìn-ín. Gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú: ó mọ̀ pé tòun ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan láti ibẹ̀.

Oko kòkó kan ní Aráròmí-Obu, lọ́nà Òdìgbó, ni Ọ̀ṣuntóyìn àti ọkọ rẹ̀ ti lo ogójì ọdún. Ọ̀nà Ìwó ni wọ́n ti wá. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń dá. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ọkọ sí. Kí ìyá tó kú, ohun kan ṣoṣo ló bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ fún.

"Ẹ gbé mi lọ bá bàbá yín."

Pamílẹ́rìn ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà oko jẹ́ lásìkò náà, kò sí ọkọ̀ agbókùú tó gbà láti wọ̀ ọ́. Wọ́n sin ìyá sí Èkó. Wọ́n wá ṣe ohun tí àwọn àgbà ń ṣe bí ẹnì kan bá kú sí àjò: wọ́n gé èékánná rẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ nínú irun rẹ̀, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, pé bí ọ̀nà bá gbẹ, àwọn yóò gbé e lọ sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ibi tí ìyẹn bá sùn sí, ibẹ̀ ni òkú sùn sí.

Joanna, ẹ̀gbọ́n Pamílẹ́rìn obìnrin, jẹ́ ará ìjọ Aládùúrà. Ó ní òun kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Òun náà ló gé èékánná.

Àbúrò bàbá wọn, Bàbá Olúbáyọ̀, tó ṣì wà lóko, ló fi fóònù ka òfin fún wọn.

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ibi tí ẹ bá dé, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un. Ibi tí ẹ bá dúró, ẹ ní ẹ dúró ni, ẹ ò tíì dé. Òkú ò mọ ọ̀nà. Ohun tí alààyè bá sọ fún un ló mọ̀."

"A ti gbọ́, bàbá," ni Joanna wí.

"Pamílẹ́rìn ńkọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbéra, aago méje àárọ̀. Ọkọ̀ tuntun ni, oníná, kì í mu epo, kì í pariwo. Ẹni tó tà á ní bí iná rẹ̀ bá kún láti Èkó, yóò dé Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì iná nínú. Joanna kò fi ti ọlọ́jà ṣe. Ó da òróró sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pamílẹ́rìn gbé aṣọ funfun náà sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Kò wúwo ju obì méjì lọ.

Wọn ò tíì kúrò ládùúgbò tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Tín. Tín. Tín.

Àwòrán ènìyàn kan tàn pupa níwájú awakọ̀.

"Kí ló ń dún?" Joanna béèrè.

"Ó ní ẹnì kan jókòó sẹ́yìn, kò de bẹ́líìtì."

Joanna wo ẹ̀yìn. Ó wo iwájú. Wọ́n kọjá bí ilé mẹ́wàá.

"Lọ dè é fún wọn," ló wí.

Pamílẹ́rìn dúró, ó dè é. Ọkọ̀ dákẹ́. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu kàn án. Nínú ìdílé wọn, ohun tí ò bá ti dún mọ́, ó ti parí nìyẹn.

Joanna ló ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. "Màámi, Ìjẹ̀bú-Òde rè é. A ò dúró o." Ó tún ṣe díẹ̀. "Màámi, Ògbèrè rè é. Ẹ má bínú, kòtò ni." Bí ó bá sọ ọ́ tán, gbogbo inú ọkọ̀ á tún pa rọ́rọ́. Ọkọ̀ elépo ń bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Èyí ò bo nǹkan kan. Pamílẹ́rìn ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ ti Joanna. Kò ka èyí tó kù.

Iná sì ń lọ. Ó ń lọ bí ẹni tó di àpò kòkó mẹ́fà sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa rí òrùlé Ọ̀rẹ̀, pásẹ́ńtì mẹ́sàn-án ló kù.

"Wọ́n ní ìdajì ni yóò kù," ni Pamílẹ́rìn wí.

"Wọ́n ò mọ ẹni tí o gbé ni," ni Joanna dá a lóhùn. Kò rẹ́rìn-ín sí i.

Kò sí arìnrìn-àjò tí kì í sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń dúró jẹun níbẹ̀, ọkọ̀ oníná náà kò lè ṣe aláìgbọràn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì ọkọ̀ wà lápá ọ̀nà Bẹnin: páànù sólà lórí, ẹ̀rọ gíga kan lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ oníkọnkéré. Waheed ló ń bójú tó o, ọkùnrin tó ti tó àádọ́ta ọdún. Ojú ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà ọ̀wọ́n epo. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni, òórùn nìkan ló yàtọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ káàbọ̀, màdáàmù." Ó tẹríba sí fèrèsé ẹ̀yìn. "Ẹ káàbọ̀, mà."

Ó ki okùn iná bọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ lọ jẹ iyán."

Joanna bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé. "Màámi, Ọ̀rẹ̀ rè é. A dúró díẹ̀ ni. A ò tíì dé o." Ó wá lọ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti iyán. Waheed lọ kírun ọ̀sán. Pamílẹ́rìn nìkan ló kù, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Oòrùn wà ní àárín orí. Òjìji ọkọ̀ kò ju pẹlẹbẹ lọ. Ẹ̀rọ náà ń kùn, hùn-ún, hùn-ún, bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dá sí i.

Fóònù dún. Bàbá Olúbáyọ̀ ni.

"Níbo lẹ dé?"

Gbogbo wa la mọ èsì ìbéèrè yìí. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní òun ti wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà ní òun ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. A kì í kà á sí irọ́. Ìkíni la kà á sí. Pamílẹ́rìn náà kò rò ó.

"A ti dé, bàbá."

"Ẹ ti dé? Torí àwọn tó gbẹ́lẹ̀ ti jókòó, wọ́n ń dúró dè yín. Wòlíì ti dé. Òjò sì ń ṣú níbí."

"A ti dé, sà. A ti wọlé tán."

Oko ṣì tó wákàtí kan sí ibi tó dúró sí. Ó fi fóònù sápò.

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọkọ̀, ohun kan ró. Kẹ́. Bí ìgbà tí èèyàn bá tú bẹ́líìtì.

Ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí. Ó pẹ́ kí ó tó ṣí tán. Ó tún pẹ́ kí ó tó padé, jẹ́ẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà ṣe ń ti ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Pamílẹ́rìn kò yíjú. Ó dúró kí ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù kò wá. Ó dúró sí i, bóyá ó wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí kò dé, ó gbójú sókè wo ẹ̀rọ. Pásẹ́ńtì mọ́kànlélógún ló wà kó tó gbé fóònù. Ó ti di àádọ́rin.

Kí Joanna tó gbé iyán inú ewé dé, iná ti kún.

"Ó yá tó bẹ́ẹ̀?" Joanna yọjú sẹ́yìn. Aṣọ funfun wà lórí ìjókòó. Bẹ́líìtì wà nílẹ̀. "Ìwọ lo tú u?"

"Rárá."

"Kí ló dé tí kò dún?"

Pamílẹ́rìn yọ okùn iná, ó tan ọkọ̀. Kò dún. Àwòrán pupa kò tàn. Wọ́n gba ọ̀nà Òdìgbó lọ.

"Màámi, a ti kúrò ní Ọ̀rẹ̀ o," ni Joanna wí. Ohùn rẹ̀ ró nínú ọkọ̀ bí òkúta tí wọ́n jù sínú àgbá òfìfo. Kò tún pe ìyá mọ́.

Ọkọ̀ fúyẹ́. Ó ń fò lórí gegele oko bí ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Aráròmí-Obu, pásẹ́ńtì méjì péré ló ti lọ.

Bàbá Olúbáyọ̀ kò kí wọn. Ó gba aṣọ funfun náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀, bí ẹni tó ń díwọ̀n kòkó tí wọ́n ti rẹ sómi.

"Kí lẹ gbé wá fún mi?"

"Màámi ni," ni Joanna wí.

"Tú u."

Joanna ló ta kókó náà ní Èkó, ó sì mọ kókó rẹ̀. Bó ṣe ta á ló wà. Ó tú u. Aṣọ funfun ni. Ojú ìṣẹ́po wà lára rẹ̀. Kò sí èékánná. Kò sí irun. Joanna bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kan, ó gbàgbé ibi tó kù, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kọjú sí Pamílẹ́rìn.

"Nígbà tí mo pè ọ́, níbo lo wà?"

"Ọ̀rẹ̀."

"Kí lo sọ fún mi?"

Pamílẹ́rìn wo kòtò. Wọ́n gbẹ́ ẹ dáadáa, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún.

"Ta ló wà nítòsí tó ń gbọ́ ọ?" Bàbá kò dúró gba èsì. "Lọ mú un wá. Onílẹ̀ ti sọ tirẹ̀: sàárè ò gbọdọ̀ là sílẹ̀ mọ́jú lórí ilẹ̀ òun. Bí oòrùn bá wọ̀, a ó bò ó. A kì í sì í gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnì kan náà."

Pamílẹ́rìn nìkan ló padà lọ, pẹ̀lú aṣọ funfun náà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Òjò tó ń ṣú kò rọ̀. Aago márùn-ún ku díẹ̀ ló dé Ọ̀rẹ̀. Waheed ń fi àkísà nu ara ẹ̀rọ. Kò yà á lẹ́nu.

"Ọ̀gá, ṣé màmá lẹ wá wò?"

"Níbo ni wọ́n wà?"

Waheed fi àgbọ̀n júwe. Àga oníke kan wà lábẹ́ òjìji páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀.

"Wọ́n ní ọmọ àwọn ní àwọn ti dé," Waheed wí. "Wọ́n bi mí níbo ni yàrá àwọn wà. Mo ní mà, kò sí yàrá níbí. Wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró kí bàbá àwọn ọmọ ti oko dé. Mo gbé àga fún wọn."

Pamílẹ́rìn lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ó padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré. Kọnkéré gbóná. Ó mọ̀ pé ó gbóná.

"Màámi, a ò tíì dé o. Irọ́ ni mo pa. Oko ṣì wà níwájú. Bàbá Olúbáyọ̀ ń dúró. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Tírélà kan kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Àní ẹ̀rọ náà kò kùn mọ́.

Waheed bẹ̀rẹ̀ mọ́ àga náà, ó tẹ́ etí, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tí ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó mi orí. Ó tún mi orí.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní ẹ ti dé."

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Waheed tún tẹ́ etí.

"Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn, ọ̀gá. Wọ́n ní ọ̀nà tí ẹ gbé àwọn gbà, kòtò pọ̀ níbẹ̀." Ó gbójú sókè wo Pamílẹ́rìn. "Wọ́n ní ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà," ni Pamílẹ́rìn wí. Kò fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀.

Omi kan jáde lójú ọ̀tún rẹ̀. Ó fi ìka gbà á, ó wò ó bí ìgbà tí òrùlé jò séèyàn lára. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Fóònù ń dún nínú àpò rẹ̀. Ó dún títí, ó dákẹ́. Ó tún dún. Lápá ọ̀nà Òdìgbó, oòrùn ti pupa, ó ti sún mọ́ orí igi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé aṣọ funfun tó wà lórí ìjókòó, ó ń gbé e sílẹ̀.

Waheed wọ inú ìsọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ lọ, ó gbé àga oníke kejì jáde. Kò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó gbé e dojú kọ ọ́, pẹ̀lú àyè díẹ̀ láàárín, bí a ṣe ń gbé àga fún àlejò tó wá kí onílé.

"Wọ́n ní kí ẹ jókòó," ló wí.

Pamílẹ́rìn dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì jókòó.